Àánú Tí Kì í Di Ẹkún: Bí Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà Ṣe Ń Ṣe Àṣàrò Karuṇā àti Upekkhā

Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé àánú lè tán lára èèyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkàn á rọ̀ sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Tó bá máa fi di oṣù kẹta, ẹlòmíràn á ti máa wọ bálùwẹ̀ lọ sunkún ní kọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á sì ti le bí òkúta, á máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìwo ojú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti mọ ọ̀fìn méjèèjì yìí. Wọ́n ní ìkínní ni ìbànújẹ́ tó gbé aṣọ àánú wọ̀, ìkejì sì ni àìbìkítà tó gbé aṣọ ìbàlẹ̀ ọkàn wọ̀. Àṣàrò tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí ni wọ́n fi ń mọ ayédèrú yàtọ̀ sí ojúlówó.

Ohun mẹ́rin ló so pọ̀ níbẹ̀. Mettā ni kéèyàn máa fẹ́ ire fún ẹ̀dá láìretí ohunkóhun padà. Karuṇā ni kéèyàn fẹ́ kí ìyà kúrò lára ẹni tí ìyà ń jẹ. Muditā ni kéèyàn bá ẹni tí nǹkan ṣẹnuure fún yọ̀, láìsí ìlara níbẹ̀. Upekkhā ni kí ọkàn dúró déédéé, kó má fì sọ́dọ̀ ẹni tí a fẹ́ràn, kó má sì sá fún ẹni tí a kò fẹ́. Èdè Pálì, èdè àtijọ́ inú ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ni orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì lò wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé tí a bá ní "ó ṣe mí láàánú" lédè wa, ó lè jẹ́ pé a fẹ́ ran onítọ̀hún lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé inú wa kàn bàjẹ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí.

Ìwé tí a gbé ìlànà yìí lé jù ni Visuddhimagga, tí àlùfáà Buddhaghosa kọ ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn Kristi, ní Mahāvihāra, ilé àwọn àlùfáà tó wà ní ìlú Anurādhapura ní erékùṣù Sri Lanka. Orí kẹsàn-án rẹ̀ ló dá lórí ohun mẹ́rin yìí. Àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀, tí wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ló kọ ọ́ fún. A gé e kù níbí kó lè bá ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n a kò da ètò rẹ̀ rú, torí pé inú ètò yẹn gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Buddhaghosa fi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ṣàpèjúwe. Ọ̀kan ṣì kéré, ọ̀kan ń ṣàìsàn, ọ̀kan wà nínú ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ọ̀kan ti ń bójú tó iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìyá fẹ́ kí kékeré dàgbà: mettā nìyẹn. Ó fẹ́ kí ara aláìsàn yá: karuṇā. Ó fẹ́ kí ọ̀dọ́ náà pẹ́ nínú adùn ìgbà èwe rẹ̀: muditā. Ní ti èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ìyá kì í da ara rẹ̀ láàmú lórí rẹ̀: upekkhā. Ẹ wò ó dáadáa, ọmọ kẹrin kò kúrò lọ́mọ. Tó bá yà sílé lálẹ́, ìyá á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ fún un. Ẹni tó bá gbọ́ upekkhā, tó sì rò pé "kò kàn mí" ló túmọ̀ sí, ìyá yìí ni kó máa rántí.

Àkókò àti ìjókòó

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó, ní àkókò kan náà. Wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú nìkan kò lè rọ́pò rẹ̀, torí pé àṣà ọkàn là ń kọ́, ojoojúmọ́ ni àṣà sì ń mọ́ni lára. Buddhaghosa fúnra rẹ̀ sọ pé kéèyàn jẹun tán, kí òòyì oúnjẹ sì kúrò lójú rẹ̀, kó tó lọ jókòó. Ẹni tó jẹ iyán yó kó fún un ní bíi wákàtí méjì. Ní ilé tí èrò pọ̀ sí, kùtù àárọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí ló rọrùn jù.

Tó bá jẹ́ orí àga ni, ẹ sún síwájú kí ẹ̀yìn yín má fara ti nǹkan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì kan ilẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni, ẹ ṣẹ́ aṣọ tàbí ìrọ̀rí po títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ jókòó sí etí rẹ̀ níwájú. Ohun tí à ń wá ni kí orúnkún rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìbàdí lọ. Bí orúnkún bá ga ju ìbàdí, ẹ̀yìn á tẹ̀, èjìká á já wálẹ̀, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kẹwàá, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á ti máa ro yín, ẹ ó sì máa rò pé àṣàrò ló le, nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀rí ló kéré. Ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ pa ojú dé, àmọ́ bí oorun bá ń kùn yín, ẹ là á díẹ̀ kí ẹ máa wo ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan síwájú. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń ka ìṣẹ́jú, ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tẹ̀lé èémí. Ẹ má fà á, ẹ má dá a dúró, kí ẹ kàn mọ̀ ọ́n bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde ní ihò imú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fẹ́ ire fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì ro aburú tó wà nínú ìbínú àti èrè tó wà nínú sùúrù. Àwọn tó ń kánjú máa ń fo ibí yìí, kò sì yẹ kí wọ́n fò ó. Buddhaghosa ní ẹni tó ń bínú dà bí ẹni tó fẹ́ sọ ẹ̀yinná lu ẹlòmíràn: ọwọ́ tó fi mú un ló kọ́kọ́ ń jó. Àwọn baba wa ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ wá ìbínú kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kékeré ni o, kí ẹ wò ó bóyá ẹni tí ẹ bínú sí tàbí ẹ̀yin ló kọ́kọ́ pa lára: oorun tí ẹ kò rí sùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tún sọ lọ́kàn nínú mọ́tò. Nígbà tí èyí bá ti yé ara, kì í ṣe orí nìkan, ọkàn á gbà láti jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Ara ẹni ni ẹlẹ́rìí

Mettā ni ìpìlẹ̀, ara ẹni la sì ń ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n ń lò kò pọ̀, a lè sọ ọ́ báyìí:

Kí n bọ́ lọ́wọ́ ìkórìíra.
Kí n bọ́ lọ́wọ́ ìnira.
Kí n bọ́ lọ́wọ́ àníyàn.
Kí n máa gbé ayé mi pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ sọ gbólóhùn kan nínú ọkàn pẹ̀lú èémí tó ń jáde. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ dákẹ́ fún èémí méjì kí ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí èémí bá ń lọ wẹ́rẹ́, nǹkan bí ogún ìgbà ni yóò yí po láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdákẹ́jẹ́ èémí méjì yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ni kì í jẹ́ kí gbólóhùn di ohun tí à ń ka bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka tábìlì ìsọdipúpọ̀. Ẹ̀yin tí etí yín ti mọ́ àdúrà, ẹnu yín lè fẹ́ máa fi àmín sí i. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí à ń bẹ̀ níbí. Ìfẹ́ inú ẹni fúnra rẹ̀ là ń tẹ́ sílẹ̀ tí a sì ń wò, bí ẹni ṣe ń tẹ́ ẹní kó lè nà.

Kí nìdí tó fi jẹ́ ara ẹni? Buddhaghosa sọ ọ́ láìfi bò: bí èèyàn fi ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí ẹgbẹ̀rún ọdún fẹ́ ire fún ara rẹ̀ nìkan, kò ní dé ìpele àṣàrò jíjinlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jhāna. Ẹlẹ́rìí lásán ni ara ẹni jẹ́. Ẹ ń wò ó pé bí mo ṣe ń fẹ́ ìdùnnú tí mo sì ń sá fún ìrora, bí mi ò ṣe fẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dá yòókù. Tí ẹ̀rí yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń há sí ọ̀fun wọn tí wọ́n bá dójú kọ ara wọn, tí ohùn kan nínú á máa sọ pé "ta ni ìwọ?" Irú wọn kó má bá ara wọn jà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni ọ̀wọ̀ tó ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n padà wá sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí a kì í kọ́kọ́ mú

Lẹ́yìn ara ẹni, olùkọ́ tàbí ẹni ọ̀wọ̀ kan ló kàn, ẹni tí rírántí rẹ̀ nìkan ń mú kí àyà ẹni tú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, lẹ́yìn ọ̀rẹ́ ni ẹni tí a kò fẹ́ tí a kò sì kórìíra, ọ̀tá ló kẹ́yìn. Ìwé náà ka àwọn tí kò yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìtàn méjì gbe é lẹ́sẹ̀.

Ìtàn kìíní: ọmọ ìjòyè kan bi àlùfáà àgbà léèrè ẹni tó yẹ kí òun ṣe mettā sí. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ràn. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ràn. Ó jókòó sínú yàrá tó tì pa, ó ń ronú kan ìyàwó, ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ dé, ojú rẹ̀ kò rí ilẹ̀kùn mọ́, ó sì fi gbogbo òru bá ògiri jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a má kọ́kọ́ mú ẹni tí ara wa ń fà sí. Ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ni ọ̀tá tó sún mọ́ mettā, torí pé àwọn méjèèjì jọ ń rí dídára ẹni náà.

Ìkejì: àlùfáà kékeré kan ń ṣe mettā sí olùkọ́ rẹ̀, kò débì kankan. Ó lọ bá àgbà kan, ẹni yẹn ní kó lọ wádìí. Ó wádìí, ó rí i pé olùkọ́ náà ti kú. Ó mú ẹlòmíràn tó wà láàyè, àṣàrò rẹ̀ sì wọlé. Bí ìyá yín bá ti di ará ọ̀run, ẹ lè rántí rẹ̀ nígbà mìíràn, kì í ṣe níbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó fún mettā. Kò dìgbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá kí ẹ tó lọ síwájú.

Karuṇā: ẹ wo ìyà, kí ẹ má gbé inú rẹ̀

Ètò yí padà níbí. A kì í fi ẹni ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ karuṇā. Ẹni tí ìyà ń jẹ ní gbangba la fi ń bẹ̀rẹ̀: ìwé náà mẹ́nu ba ẹni tí wọ́n ti gé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tó jókòó síbi tí àwọn aláìní ń gbé, tó ń ké pẹ̀lú àwo níwájú rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ ẹnì kan péré, ẹni tí ẹ ti fi ojú ara yín rí, àti ìyà kan pàtó. "Àwọn tálákà ayé" kò ṣeé fi ṣe é, torí wọn kò ní ojú tí ọkàn lè wò.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wá fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ rí ohun kékeré kan: bó ṣe di ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí àwo, bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí àwòrán náà rọ̀, kí ẹ di ìfẹ́ inú mú:

Kí ìyà yìí kúrò lára rẹ.
Kí ara tù ọ́.
Kí o rí ẹni gbé ọ dìde.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe jù rèé. Wọ́n rò pé bí àwòrán ìyà bá ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni àánú ń pọ̀ sí i. Rárá o. Àwòrán kàn ń tọ́ka ọ̀nà ni, ìfẹ́ inú ni àṣàrò. Ẹni tó bá ń bá àwòrán lọ á bá ara rẹ̀ nínú ohun tí Buddhaghosa pè ní ọ̀tá tó sún mọ́ karuṇā, èyíinì ìbànújẹ́ ti inú ayé. Ọ̀tá tó jìnnà ni ìwà ìkà, kò sì ṣòro láti dá a mọ̀. Èyí tó sún mọ́ ló léwu, torí pé ó jọ ọ́. Ẹ fi àmì dá a mọ̀. Nínú karuṇā, àyà máa ń gbòòrò, omi lè lé sójú ṣùgbọ́n ara á fúyẹ́, ọwọ́ á sì fẹ́ ṣe nǹkan. Nínú ìbànújẹ́, àyà á dì, orí á wúwo, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lórí ẹni tí ìyà ń jẹ, á wá di "èmi, bí èyí ṣe dùn mí tó". Tí ẹ bá dìde tán tó jẹ́ pé ńṣe lẹ fẹ́ lọ sùn, ìbànújẹ́ lẹ fi ogún ìṣẹ́jú ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ fi àwòrán sílẹ̀ pátápátá, ẹ mọ àtẹ́lẹsẹ̀ yín lórí ilẹ̀ fún èémí mẹ́wàá, kí ẹ padà sí gbólóhùn kẹta nìkan. Bí kò bá tíì tú, ẹ yà sọ́dọ̀ muditā fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ mú ẹni tí ire dé bá, ọmọ rẹ̀ yege tàbí ó kọ́lé, kí ẹ sọ pé "kí ire tí o rí yìí má bọ́ lọ́wọ́ rẹ". Ìdùnnú yẹn á gbé ọkàn sókè bí ẹni tó rì bá fẹsẹ̀ ta ìsàlẹ̀ odò.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wo ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú. Olga Klimecki, Tania Singer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ kọ́ àwọn kan láti máa gba ìrora ẹlòmíràn bíi pé tiwọn ni, kí wọ́n tó wá kọ́ wọn ní àṣàrò àánú. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2014, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ mú kí ìmọ̀lára burúkú pọ̀ sí i lára wọn nígbà tí wọ́n ń wo fídíò àwọn tí ìyà ń jẹ. Ẹ̀kọ́ kejì mú un wálẹ̀, ó sì gbé ìmọ̀lára rere dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú fídíò kan náà ni wọ́n ń wò.

Tí ẹni tí ìyà ń jẹ bá ti rọrùn, ẹni tó kàn á ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu: ẹni tó ń hùwà ibi tí nǹkan sì ń dáa fún. Ìwé náà ní kí ẹ wò ó bí olè tí wọ́n ń mú lọ síbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí. Àwọn èèyàn ń fún un ní oúnjẹ, wọ́n ń fi òdòdó sí i lọ́rùn, ó sì ń jẹ. Ṣé ẹnikẹ́ni á ní olè yẹn ń gbádùn? Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbé, ikú ló ń sún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kó iṣẹ́ ibi jọ. Àánú yìí kò ní kí ẹ má gba ẹ̀tọ́ yín, kò sì ní kí ẹ pe ibi ní ire. Ó kàn ń yọ májèlé kúrò lọ́wọ́ yín ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ẹ fẹ́ràn, lẹ́yìn náà ẹni tí kò kàn yín, lẹ́yìn náà ọ̀tá. Kò sí nínú wọn tí kò ní ìyà tirẹ̀, torí ọjọ́ ogbó, àìsàn àti ikú kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Tó bá kan ọ̀tá

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ṣe yín ní ibi tó ga jù. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tó gba ìlà mọ́ yín lọ́wọ́ ní bánkì. Bí inú bá ru, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni ọ̀wọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bó bá tún kọ̀, oògùn pọ̀. Ẹ wá ohun kan tó dáa lára rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá burú, bóyá ìṣe ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìyẹn nìkan ni kí ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ pé kò sí ìkankan, àánú ló tọ́ sí i. Tàbí kí ẹ tú u sí wẹ́wẹ́: kí gan-an lẹ ń bínú sí? Ṣé irun orí rẹ̀ ni? Ṣé èékánná rẹ̀ ni? Ṣé eyín, ṣé awọ, ṣé egungun? Ìbínú tó ń wá ibi dúró kò ní ríbì kan, bí hóró músítádì kì í ṣeé dúró ní ẹnu abẹ́rẹ́.

Oògùn ìkẹyìn ni ẹ̀bùn. Àlùfáà kan wà tí àgbà kan lé kúrò ní ibùsùn rẹ̀ nígbà mẹ́ta ní ilé àwọn àlùfáà Cittalapabbata. Ó gbé abọ́ olówó iyebíye tí ìyá rẹ̀ fún un, ó kó o fún àgbà náà. Ẹ ṣe é ní kékeré: ẹ ra ọsàn fún aládùúgbò tí ẹ kì í kí. Ọwọ́ tó ń fúnni máa ń tú ohun tí gbólóhùn kò lè tú.

Upekkhā

Láti ọ̀sẹ̀ keje ló yẹ kéèyàn kàn án. Fún àwọn àlùfáà, òfin rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: Buddhaghosa ní ẹni tí kò bá tíì fi mẹ́ta yòókù dé jhāna kẹta kò lè wọ inú upekkhā, torí pé jhāna kẹrin nìkan ló ń gbé. Ohun tí àwa ń ṣe ni gbòǹgbò rẹ̀, ó sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí òfin fi wà ni kí ẹ má gbàgbé: upekkhā tí kò ní mettā nísàlẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ju ọkàn tútù lọ.

Ẹni tí kò kàn yín la fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ọkàn ti dúró ní agbede méjì níwájú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ mú ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta, tí ẹ mọ ojú rẹ̀ tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú yín lọ́kàn, kí ẹ mọ bí àyà ṣe rí: kò gbóná, kò tutù. Ẹ kọ́ ìtọ́wò yẹn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí pé òun lẹ ó gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù: ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ọ̀tá. Gbólóhùn rẹ̀:

Ẹ̀dá ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.
Ire ni mo fẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìfẹ́ mi yan ọ̀nà fún ọ.
Bí nǹkan ṣe rí nìyí báyìí.

Ó le jù lọ́dọ̀ ọmọ ẹni. Òbí tó ń sọ gbólóhùn kejì nípa ọmọ tó ń mu oògùn olóró lè rò pé òun ń ta ọmọ náà nù. Kí irú òbí bẹ́ẹ̀ fi karuṇā ṣáájú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó fi upekkhā márùn-ún tẹ̀lé e, kó sì padà parí pẹ̀lú karuṇā. Àánú ló ń gbé e lọ síbi ìwòsàn ọmọ náà, upekkhā ló ń jẹ́ kó lè sùn lóru ọjọ́ tí ọmọ bá tún padà sídìí rẹ̀.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ gbangba. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, ti kámà ni, èyíinì pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń padà wá báni, kì í ṣe fún kéèyàn wo ẹni tí ìyà ń jẹ kó ní "ohun tó gbìn ló ń ká". Ẹni tó bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀ ti kúrò nínú upekkhā, ó ti bọ́ sínú ìwà ìkà, kó dúró, kó padà sí karuṇā lójú ẹsẹ̀. Àìmọ̀ tó ń ṣe bí ìbàlẹ̀ ọkàn ni ìwé náà pè ní ọ̀tá tó sún mọ́ upekkhā: ẹni tí kò dàámú nítorí pé kò tilẹ̀ wò. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Tí wọ́n bá dárúkọ onítọ̀hún, ṣé ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin? Bí etí yín bá ń yà síbòmíràn, kò tíì jẹ́ upekkhā.

Ní òde ìjókòó, ohun mẹ́jọ tí Búdà ní wọ́n ń tẹ̀lé ayé kiri ni ẹ ó fi máa dán an wò: èrè àti àdánù, òkìkí àti àìníyì, ìyìn àti ẹ̀bi, ìgbádùn àti ìrora. Ẹ mú méjì tó so pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ìyìn àti ẹ̀bi, ká sọ pé. Bí ọ̀gá bá yìn yín, kí ẹ tó fèsì, ẹ sọ lọ́kàn pé "ìyìn", kí ẹ mọ bí àyà ṣe wú. Bó bá bá yín wí, "ẹ̀bi", kí ẹ mọ bó ṣe há. Ẹ kò ní láti dá a dúró. Ẹ kàn ń kọ́ láti rí i nígbà tó ń bọ̀.

Àwọn ará Tibet yí ètò yìí po. Nínú ìlà àwọn tí wọ́n ń tọ́ka sí Atiśa, ọmọ Bengal tí wọ́n bí ní 982 tó sì dé Tibet ní 1042, ìdọ́gba ọkàn ló ń ṣáájú. Ẹ gbé ọ̀rẹ́, ọ̀tá àti àjèjì kalẹ̀ níwájú yín pa pọ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ọ̀rẹ́ yẹn di ọ̀rẹ́, kí lọ̀tá jẹ́ kó tó di ọ̀tá. Àlàyé wọn ni pé bí ilẹ̀ kò bá tẹ́, omi àánú kò lè dé ibi gbogbo. Ẹni tó bá rí i pé àánú òun kì í kọjá ẹbí òun, kó gbìyànjú ọ̀nà yìí fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà.

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣẹ̀, tàbí tí ohun ẹ̀rù kan láti ẹ̀yìn ń jáde sí bó bá ti pa ojú dé, kó dúró lórí mettā sí ẹni ọ̀wọ̀ nìkan, ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kó la ojú. Bí kò bá rọlẹ̀, kó dáwọ́ dúró kó rí dókítà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹ fi ìbéèrè tí Buddhaghosa fi parí ọ̀rọ̀ ààlà tí ọkàn ń fà sáàárín ẹnì kan àti ẹlòmíràn wo ara yín. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹni tí kò kàn yín àti ọ̀tá yín, ẹ di mẹ́rin. Àwọn olè dé, wọ́n ní kí ẹ fún àwọn ní ẹnì kan kí àwọn pa á. Ta lẹ máa tọ́ka sí? Bí ọkàn bá yà sí ọ̀tá, ààlà ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ní "ẹ mú èmi", ààlà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ẹ ti yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tí ẹ fẹ́ ire fún. Ẹni tí ìka bá yà sí, àní bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ni kí ẹ gbé ìjókòó ọ̀la fún.